Ẹ̀wà Ẹ̀dínwó Nínú Ìkòkò Bọ́dìn

Bí mo bá jáde láàárọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ tí mò ń gbé báyìí, kí n tó dé ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀, ẹnìkan á ti dá mi dúró. "Màmá Tíṣà, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní ìtọ́jú ilé, ṣé lóòótọ́ ni pé oúnjẹ dínwó ní súpámákẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó tó wà lójú ọ̀nà màrosẹ̀ yẹn?" Èmi náà á dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá ọmọ kíláàsì lóhùn: "Tún ìbéèrè rẹ ṣe. Kí ló dínwó níbẹ̀? Àwọn mélòó ló fẹ́ jẹ ẹ́? Títí di ìgbà wo lo fẹ́ kí ó tó yín jẹ?" Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní Màmá ò tíì fẹ̀yìn tì.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún mi, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn bọ́dìn ilé-ìwé wa pa lójú mi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́, tí wọ́n ti di abiyamọ, ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn àbúrò wọn tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò yìí.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò lẹ́jọ́ nínú. Mo parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n pín mi sí ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin kan nítòsí Ṣàgámù, mo sì wà níbẹ̀ títí irun mi fi funfun. Owó oṣù máa ń wọlé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ìyẹn, kó bi olùkọ́ èyíkéyìí, ìtàn kan náà ni. Ohun tó mú iṣẹ́ tèmi yàtọ̀ ni pé bí agogo ìlọlé bá lù, iṣẹ́ mi kò tíì parí. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ wọn, èmi náà sì ni olùkọ́ tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ bọ́dìn, ìyẹn àwọn tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé nítorí pé ilé wọn jìnnà tàbí pé ilé wọn kò fararọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn òbí ń san owó oúnjẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Owó yẹn ni a ó fi bọ́ àwọn ọmọ títí ìdánwò yóò fi parí. Bí oúnjẹ bá tán ṣáájú, kò sí ibi tí òmíràn yóò ti wá. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé sì ti sọ ọ́ ní gbangba, kí n tó dé ibẹ̀ rárá, pé ọjọ́ tí a bá rán ọmọ lọ sílé nítorí ebi láìtíì ṣe ìdánwò, ọjọ́ náà ni bọ́dìn yóò kógbá sílé. Mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ti wá. Bí bọ́dìn bá kógbá sílé, ẹ̀kọ́ tiwọn náà parí nìyẹn. Ẹ̀rù yìí ni mo gbé kiri ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. Mo máa ń gbé e lọ sí ọjà, mo máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ìyáàfin Odùnúgà ni, olùkọ́ àgbà tí mo bá níbẹ̀. Màmá Kóńgò ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn. Obìnrin gíga, ó gbẹ, kì í sì í pariwo. Bó bá bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ sí i, títí ìwọ yóò fi máa na ọrùn kí o lè gbọ́ bó ṣe ń bá ọ wí.

Mo rò pé ọjọ́ tí mo dé ni yóò mú mi lọ sí ọjà. Ìdí ilé ìdáná ló gbé mi jókòó sí, pẹ̀lú atẹ ẹ̀wà lórí ẹsẹ̀. Ó ní kí n máa ṣa òkúta. Sáà yẹn parí, ìdí atẹ ni mo ṣì wà. Mo lọ bá a.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìwé ẹ̀rí o."

"Mo rí i. Ìwé ẹ̀rí rẹ kò ní òkúta nínú. Ẹ̀wà yìí ní. Ṣà á."

Nígbà tó wá mú mi lọ sí ọjà Ṣàgámù, ó ní kí n má bá ẹnikẹ́ni ná ohunkóhun, kí n kàn máa wo ọwọ́ òun. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Rẹ́mọ mọ kóńgò, abọ́ onírin tí a fi ń wọn ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì lọ́jà wa. Màmá kì í béèrè iye tí wọ́n ń tà kó tó dojú kóńgò délẹ̀, kó sì fi ìka kan ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìdí kóńgò obìnrin kan ti wọnú bí ikùn ẹni tó ń gbààwẹ̀.

"Ìdí kóńgò rẹ ti wọnú," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

"Màmá, ó já bọ́ ni. Ilẹ̀ ló gbá a."

"Ilẹ̀ ọjà yìí mà gbọ́n o. Ó mọ ibi tó yẹ kó gbá."

Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín, ó sì fa kóńgò mìíràn yọ lábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tó kọ́ mi, ilé ìdáná ló ti kọ́ ọ. Ó ra ìrẹsì oríṣi méjì, owó kan náà ló ná sórí méjèèjì. Ọ̀kan pọ̀ gan-an, èkejì kò pọ̀ tó o. Ó ní kí n ṣà wọ́n, kí n fọ̀ wọ́n, kí n sè wọ́n, kí n sì bù wọ́n sínú àwo ọmọ bọ́dìn. Èyí tó pọ̀ nínú àpò, lẹ́yìn tí mo ṣa òkúta àti èèpo kúrò, tí mo sì sè é, kò kún àwo tó èkejì. Ó wò mí. "Má ka àpò," ló wí. "Ka àwo. Ọmọ kì í jẹ àpò." Ó ní owó tí a san lọ́jà kì í ṣe iye oúnjẹ. Kí n fi owó ọkọ̀ kún un, kí n fi iná tó sè é kún un, kí n fi èyí tó bàjẹ́ kún un, kí n tó sọ pé mo rí ọ̀pọ̀ rà. Ó tún máa ń sọ pé oúnjẹ kì í tán lójijì, ẹni tí kò wò ó ló ń tán mọ́ lọ́wọ́ lójijì.

Kí Màmá tó fẹ̀yìn tì, ó mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ Àlàájà Sàláwà, tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n ní Ṣàgámù, obì ni bàbá rẹ̀ tà jẹun. Màmá fi ọwọ́ mi lé e lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìyàwó fún ìyá ọkọ. "Àlàájà, ọmọ yín nìyí. Òun ni yóò máa wá báyìí." Àlàájà wò mí látòkè délẹ̀. "Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ẹni tó ń ra oúnjẹ," ló wí. Bí a ṣe di oníbàárà nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ohun tí oníbàárà jẹ́ láyé ìgbà náà, torí òun ni ìtàn mi rọ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá ń ti Òkè Ọya wá, tí kò tíì gbówó lórí, Àlàájà á yọ ti bọ́dìn sọ́tọ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A kì í kọ ìwé, a kì í san àsansílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí ẹ̀wà bá wọ́n lẹ́yìn náà, iye tó fi kó o sílẹ̀ ló fi ń tà á fún wa, èrè díẹ̀ ló ń gbé lé e. Ojúṣe tiwa náà ni pé a kò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí a kò bá sì ní rà á ní sáà kan, a gbọ́dọ̀ lọ sọ fún un kí ó tó kó ọjà, kí owó rẹ̀ má baà há sínú ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Ọdún gorí ọdún. Mo bá igi ìdáná níbẹ̀, a kúrò nídìí igi, a bọ́ sídìí sítóòfù, a kúrò nídìí sítóòfù, a bọ́ sídìí gáàsì. Òṣùwọ̀n tí a ń so kọ́ lọ, èyí tó ń lo bátìrì dé, ó sì máa ń kú lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ lò ó gan-an. Ẹgbẹ́ àwọn òbí fún wa ní fíríìsà ńlá kan láti máa tọ́jú ẹja. Iná kò dúró, ẹja kò dúró, fíríìsà wá di ibi tí ìyá alásè ń kó aṣọ ìnuwọ́ sí. Nígbà tí fóònù dé, mo lè jókòó sínú ọ́fíìsì kí n bi Àlàájà iye tí gàrí ń lọ. Ó fẹ́ràn fóònù náà, àmọ́ ó ní kò jẹ́ kí òun rí ojú ẹni tó ń ná ọjà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì ni iye oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ẹ̀yin náà rí i. Bí a ṣe rà á lọ́sẹ̀ yìí kọ́ la ó rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àyà mi kì í balẹ̀ mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni súpámákẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó ṣí sí tòsí ìkóríta màrosẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n lẹ iye ọjà mọ́ ara pákó, ó mọ́ tónítóní, kò sí ariwo, kò sí ìnájà.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa nígbà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà ni, ẹ̀rù tó ń bà mí ló ń ba òun náà. Ó pe ìpàdé ìgbìmọ̀. Ó ní ibẹ̀ ni kí a ti ra gbogbo oúnjẹ sáà tó ń bọ̀. Wọn yóò fún wa ní rìsíìtì, wọn yóò fi ọkọ̀ wọn gbé e wá, a ó sì rà á tán lẹ́ẹ̀kan kó tó tún wọ́n sí i. Ọ̀kan nínú àwọn òbí fi iye ọ̀rá ẹ̀wà kan níbẹ̀ wé iye kóńgò kan lọ́jà. Ti ọ̀rá kéré. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Mo ti ṣe ohun tí Màmá kọ́ mi kí n tó wá sí ìpàdé náà. Mo ti ra níhìn-ín, mo ti ra lọ́hùn-ún, mo ti sè é, mo sì ti bù ú. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún gbólóhùn yẹn ṣe díẹ̀. Ọ̀rá kì í ṣe kóńgò. Ẹ̀wà inú ọ̀rá yẹn kò kún kóńgò. Bí ẹ bá dà á sínú rẹ̀, ẹ ó rí etí kóńgò lókè. Kóńgò ti Àlàájà sì máa ń ga lórí bí òkìtì. Ṣúgà wọn dínwó lóòótọ́. Iyọ̀, mílíìkì, ọṣẹ, tòmátò inú agolo, gbogbo rẹ̀ dínwó. Ẹ jẹ́ kí a ra ìwọ̀nyẹn níbẹ̀. Ẹ̀wà àti gàrí, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjà."

Bàbá ọmọ kan rẹ́rìn-ín. "Màmá Tíṣà, ẹ̀yin náà. Bí wọ́n bá gbé ọ̀run wá, ẹ ó ní kí wọ́n dà á sínú kóńgò."

Ẹ̀rín náà mú mi jókòó. Wọ́n dìbò, súpámákẹ́ẹ̀tì ló wọlé fún gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, mo sọ fún ọ̀gá àgbà pé mo fẹ́ lọ sọ fún Àlàájà kó tó kó ọjà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má tíì lọ. "Mà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó. Bí kò bá dáa níbẹ̀, a ó padà sọ́dọ̀ Àlàájà. Òwò ni, òwò náà ni wọ́n ń ṣe." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá mi ni. N kò lọ.

Ọkọ̀ wọn dé, oúnjẹ kún yárá ìkóúnjẹsí, àwọn ọmọ sì ń jó yí ọkọ̀ náà ká. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò sí ẹjọ́. Mílíìkì dára, ṣúgà dára, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ṣé kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló ń dẹ́rù bà mí. Lẹ́yìn náà ni a ṣí ẹ̀wà.

Ìyá Bọ́lá ni olórí alásè wa. Ó gbé ẹ̀wà kaná láàárọ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí agogo ọ̀sán lù, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

"Mà, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ̀wà yìí ń wò mí lójú."

Mo lọ. Mo fi ìka tẹ ẹ̀wà kan. Bí òkúta wẹ́wẹ́ ni.

"Ẹ jẹ́ kí n fi káún sí i," ló wí.

"Káún á pa èròjà inú rẹ̀. Ẹ rẹ ti ọ̀la sómi."

"Mo ti rẹ èyí sómi látàná, Mà. Ó mu omi, ó tún ń bi mí bóyá òmíràn wà."

Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni. Ìdí tí wọ́n fi dín owó rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú rí i láti ìta ọ̀rá. Lọ́jà, ọwọ́ ni à ń ki bọ inú àpò títí dé ìsàlẹ̀, a ó fi eyín gé ẹyọ kan wò. Ta ni yóò jẹ́ kí o gé ọ̀rá súpámákẹ́ẹ̀tì? Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, kò rùn, wọn kò sì purọ́ fún wa. Ó kàn kọ̀ láti jinná ni. Oúnjẹ ọ̀sán wá di oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Gáàsì tó yẹ kó dé òpin sáà tán ní ìdajì rẹ̀, a padà sídìí igi ìdáná, òjò sì ń rọ̀ lórí igi. Iye tí a rò pé a fi pamọ́ sínú ẹ̀wà, abẹ́ ìkòkò ló ti jóná.

Mo wọ yárá ìkóúnjẹsí, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, mo sì wo ohun tó kù. Ẹ̀wà tó kù kò tó nǹkan, gàrí inú ọ̀rá sì ti lọ sísàlẹ̀ gan-an torí ọ̀rá kò tó kóńgò, bí mo ṣe wí. Kò lè dé ìdánwò. Bí mo ṣe gbé e yẹ̀ wò tó, kò lè dé e.

Bí mo ṣe jáde, Rónkẹ́ dúró níta. Ọmọ kíláàsì àṣekágbá ni, ó wá láti abúlé kan lẹ́yìn Simawa. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ lẹ́bàá màrosẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí Rónkẹ́ bá padà wálé láìṣe ìdánwò, kó wá gbé atẹ tirẹ̀ náà.

"Mà, wọ́n ní wọ́n fẹ́ lé wa lọ sílé."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo dọ́mítìrì. Mà, ẹ kàn sọ fún mi. Tó bá jẹ́ òótọ́, kí n tètè máa ronú."

Ọmọ tó yẹ kó máa ka ìwé ló ń ronú atẹ búrẹ́dì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìbẹ̀rù ebi pàápàá kì í jẹ́ kí ìwé wọ̀ ọ́. Mo sọ fún un pé kó lọ kàwé. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ tí kì í ṣe irọ́.

Ọ̀gá àgbà fún mi ní owó tó kù lọ́wọ́ ilé-ìwé, kò tó nǹkan, ó sì ní òun yóò tẹ̀ lé mi lọ bẹ Àlàájà. Mo ní kó jẹ́ kí n dá lọ. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù. Àlàájà wà lórí àga rẹ̀, ó ti darúgbó, ó ń jẹ obì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò sọ pé kí n dìde kíákíá bó ṣe máa ń ṣe.

"Tíṣà, ṣé ara le? Mo rò pé ẹ ti kú ni. Mo ní bí wọ́n bá kú, wọn á ránṣẹ́ òkú sí mi."

"Àlàájà, ẹ má bínú sí wa."

"Inú kò bí mi. Mo kó ẹ̀wà yín sílẹ̀ bí mo ṣe ń kó o. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo ọ̀nà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rí ní ọgbà yín, mo tà á fún àwọn ará Èkó. Mo pàdánù níbẹ̀, torí ìkánjú ni mo fi tà á. Ṣé bí ẹ bá wá sọ fún mi, ẹnu mi á gé yín jẹ?"

"Rárá, Àlàájà." Mo sọ bí oúnjẹ àwọn ọmọ ṣe ń tán fún un, mo sì fi owó ọwọ́ mi hàn án.

"Ẹ dìde. Orúnkún yín náà kì í ṣe ti ọmọdé mọ́." Ó jẹ obì rẹ̀ díẹ̀ sí i. "Kò sí ẹ̀wà tí owó ọwọ́ yín yìí lè rà fún irú èrò yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mélòó ni àwọn ọmọ náà?"

Mo sọ fún un. Ó pa ojú dé, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Òde Rẹ́mọ. Kókò ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóko, torí ẹ̀yin ọ̀làjú kì í jẹ kókò mọ́. Ìrẹsì lẹ mọ̀. Ẹ lọ bá a. Ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wá. Ẹ má sì ná an."

Mo lọ. N kò ná an. Kókò tó kó fún wa kún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará Rẹ́mọ lè má mọ ẹ̀bìrìpò. Kókò ni a ó rin, a ó fi iyọ̀ àti ata sí i, a ó pọ́n ọn sínú ewé, a ó sì sè é títí yóò fi dì. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹnu tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ kíláàsì ìtọ́jú ilé di ilé ìrinkókò. Kókò ń yún wọn lọ́wọ́, wọ́n ń họra, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mà, ṣé ẹ̀bìrìpò ni a ó fi kọ ìdánwò Ìṣirò?"

"Ẹ̀bìrìpò ni ìyá ìyá rẹ jẹ tó fi bí ìyá rẹ. Rin kókò."

"Ìyá ìyá tèmi kò ṣe Ìṣirò, Mà."

Ìyá Bọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára òkìtì kókò tó ń rẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín náà, a máa ń ríran.

Ìgbìmọ̀ wá láìsọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ òórùn ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n ṣí yárá ìkóúnjẹsí. Mo ṣí i. Kókò tó kù kò ju ohun tí ènìyàn méjì lè gbé, pẹ̀lú ṣúgà tó pọ̀ gan-an. Bàbá tó fi mí ṣe ẹlẹ́yà ní ìpàdé wò mí.

"Ṣé èyí á dé òpin?"

"Kókò gan-an kò mọ̀ bóyá yóò dé," ni mo wí. "Èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó tíì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìjẹun."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó jẹ ẹ̀bìrìpò kan pẹ̀lú wọn, ó ní òun kò jẹ ẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ìyá òun ti kú. Kókò náà bá wa dé òpin ìdánwò. Ewé ló ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí Rónkẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ìwé ìdánwò ìkẹyìn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò ti bọ́dìn pa. Wọ́n ní àwọn yóò máa wò ó, sáà kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń wò ó títí di òní. Rónkẹ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, èsì mi nìyí. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dínwó máa ń dínwó lórí ohun tí kì í tètè yí padà, tó sì rí bákan náà níbi gbogbo: ṣúgà, iyọ̀, mílíìkì, ọṣẹ. Èmi náà ń rà wọ́n níbẹ̀. Lórí ohun tó yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn kí ẹ tó rà á, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ọ̀rá. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọ̀rá wé kóńgò. Ẹ fi owó ọkọ̀ àti gáàsì kún un. Bí ẹ bá sì ní ẹni tó ń fi ọjà pamọ́ dè yín, ẹ má torí ẹ̀dínwó sáà kan sọ ọ́ nù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sí lórí pákó ṣọ́ọ̀bù kankan. Ìlú lè yí padà, ó sì ti ń yí padà. Ọ̀pọ̀ yín kò ní Àlàájà kankan, ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ ṣáà máa ka àwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ wá ṣe tèmi tàbí kí ẹ má ṣe é. Ó dára. Ó máa ń mú kí ènìyàn mọ ọmọ lórúkọ àti nínú ikùn. Ṣùgbọ́n àìbalẹ̀-ọkàn rẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹni. Kẹ́mi ni ọ̀dọ́mọbìnrin tó gba ipò mi, ó gbọ́n, ó sì jáfáfá. Bí sáà bá ti ń lọ sópin, èmi á pè é. Mo pè é láàárọ̀ yìí kí n tó parí ìwé yìí.

"Kẹ́mi, kí ló kù nílẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ sinmi, oúnjẹ wà."

"Mo gbọ́. Kí ló kù?"

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń to àwo.

"Ó kù díẹ̀, Mà," ló wí.

Mo dìde, mo ń wá bàtà mi.